Agbẹnusọ

Ìlà kejì ni mo máa ń jókòó sí, lápá ọ̀tún,
níbi tí páìpù omi gbígbóná ti ń jó ni lẹ́sẹ̀.
Mo bi Leander Pomeroy ní ìbéèrè tó ẹgbẹ̀rún.
Ẹyọ kan ló dáhùn.
Kò purọ́ fún mi rí, ó yẹ kí n sọ ìyẹn:
ó kàn máa ń gbé òótọ́ sí ibi tí ọwọ́ kò ní í tó o,
bí ìyá tó gbé agolo ṣúgà sórí àjà.

Ọmọ apẹja ni, láti Èbúté Gannet,
ilé mọ́kànlélógún, ṣọ́ọ̀ṣì kan, kùrukùru láàárọ̀, kùrukùru lálẹ́.
Ọmọ ogún ọdún ló wọ St. John's nínú bàtà bàbá rẹ̀,
bàtà tó fi ìka méjì gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.
Rédíò ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́:
iye owó ẹja, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, orúkọ àwọn tó kú.
Ohùn rẹ̀ dùn débi pé opó á jókòó ti rédíò
kó lè gbọ́ bó ṣe máa pe orúkọ ọkọ òun.

Níbẹ̀ ni Olórí Ìjọba ti gbọ́ ọ.
Ó ní, "Ohùn yẹn, mo fẹ́ ẹ."
Ohùn nìkan ló ní òun fẹ́ o.

Ọdún mọ́kàndínlógún.
Olórí Ìjọba mẹ́rin wọlé, mẹ́rin jáde,
Pomeroy dúró bí òpó etídò tí gbogbo ọkọ̀ ń so okùn mọ́.
Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Ojú mi ló ṣe é, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ:
wọ́n ti ilé ìwòsàn mẹ́ta pa, ó pè é ní àtúntò;
afárá wó, ó ní afárá ń sinmi.
A rẹ́rìn-ín, a kọ ọ́ sílẹ̀, a lọ mu tíì.
Lẹ́yìn náà á wá bá mi níta, nínú yìnyín, á tan sìgá,
á béèrè ọmọbìnrin mi tí èémí rẹ̀ máa ń há.
Ó mọ orúkọ oògùn rẹ̀ ju bàbá ọmọ lọ.

Ọjọ́ ẹja wá dé.
Ìwé kan, ìlà mẹ́sàn-án:
ẹja ti tán lókun, kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n mọ́.
Ó kà á dé ìlà keje, ó dúró.
A gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń rìn.
Mo mọ ohun tó ń wò, kì í ṣe àwa:
ilé ìdáná kan ní Gannet, rédíò lójú fèrèsé,
àgbàlagbà kan tó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì,
tí ọ̀bẹ dúró sọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ka ìlà méjì tó kù.
Lọ́jọ́ yẹn, kò fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ, ní ìhòòhò.

Mo nawọ́. (Iṣẹ́ mi ni, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.)
"Ọ̀gbẹ́ni Pomeroy, kí ni bàbá yín máa sọ?"
Ó ní, "Kò ní sọ nǹkan kan."

Òótọ́ sì ni. Ọdún mẹ́fà, bàbá náà kò bá a sọ̀rọ̀,
àfi alẹ́ ọjọ́ kan tó ní kó bá òun ti ilẹ̀kùn.

Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé,
ó ń kun ọkọ̀ tí kò ní lọ síbì kankan, àwọ̀ ewé.
Àwọn ará àdúgbò bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba
nítorí ojú ọ̀nà. Ó kọ̀. Ó bá wọn gbé òkúta dí ihò.
Àgọ́ ṣúgà wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.
Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó da tíì.

Nígbà tó di aago mẹ́fà, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ọjọ́.
Ó yí i wálẹ̀ títí kò fi dún mọ́,
ẹnu rẹ̀ sì ń mì, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́:
afẹ́fẹ́ láti ìlà oòrùn, omi ń ru, kùrukùru.